Ẹ Kọ́kọ́ Ka Nọ́mbà Náà: Àdírẹ́sì IP fún Ẹni Tó Ní Ṣọ́ọ̀bù ní Ìkòròdú

Kò sí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà láti Sábó dé Odogunyan tí kò mọ wàhálà yìí. NEPA mú iná lọ, wọ́n mú un dé, ráútà tàn padà, Wáífáì hàn lójú fóònù, àmọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò gbọ́ ti kọ̀ǹpútà mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH tó fẹ́ tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde dúró sẹ́nu ọ̀nà, ìyá tó wá tẹ ìwé NIN ọmọ rẹ̀ ń wo aago. (Ibùdó iná Egbin kò jìnnà sí wa níbí o, àmọ́ ìyẹn kò ní kí iná má lọ.) Ọ̀pọ̀ á pa ráútà, wọ́n á tún tàn án, wọ́n á ra dátà míràn, wọ́n á bú ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá pe ẹni tó máa gbowó iṣẹ́.

Lójú tèmi, nọ́mbà kan ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ kà. Nọ́mbà náà ni àdírẹ́sì IP. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n kà, òun fúnra rẹ̀ ló máa fi ibi tí okùn ti já hàn yín: bóyá nínú ṣọ́ọ̀bù ni, bóyá lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín ni, tàbí kò tilẹ̀ sí ohun tó bàjẹ́ rárá.

Ohun tí nọ́mbà náà jẹ́

Ohunkóhun tó bá máa bá ẹ̀rọ míràn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì: fóònù, kọ̀ǹpútà, POS, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kámẹ́rà ara ògiri. Irú èyí tí a mọ̀ jù ni IPv4, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1981. Nọ́mbà mẹ́rin ni, tí àmì ìdánudúró pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bíi 192.168.0.105. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó lè kọjá 255. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ 192.168.0.300 fún yín, àṣìkọ ni.

Bí ẹ bá fi àwòrán ránṣẹ́, kì í lọ lódindi. Fóònù á gé e sí wẹ́wẹ́, á kọ àdírẹ́sì méjì sára ègé kọ̀ọ̀kan: ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Àwọn ráútà tó wà lójú ọ̀nà, láti Ìkòròdú títí dé òkè òkun, ibi tí ègé náà ń lọ ni wọ́n ń wò, wọ́n á sì tì í sí ráútà tó kàn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ gbogbo ọ̀nà náà tán. Ègé kan lè gba ibí, èkejì lè gba ọ̀hún, ìkẹta sì lè sọnù. Ẹ̀rọ tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà ló ń tò wọ́n pọ̀, tí á sì ní kí wọ́n tún èyí tó sọnù fi ránṣẹ́.

Àdírẹ́sì tí ẹ ń lò kì í ṣe ohun ìní yín. Àjọ IANA ló ń pín in fún àjọ márùn-ún káàkiri ayé. AFRINIC, tó fìdí kalẹ̀ sí Mauritius, ló ń mójú tó ti ilẹ̀ Áfíríkà. Òun ló ń pín in fún àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ilé-iṣẹ́ náà ló wá ń yá yín lò. Gbogbo àdírẹ́sì IPv4 tó lè wà láyé jẹ́ 4,294,967,296. Ó dà bíi pé ó pọ̀, àmọ́ kò tó iye ènìyàn tó wà láyé, ká má tíì sọ ti ẹni tó ní fóònù méjì àti kọ̀ǹpútà kan. Ní oṣù Kejì ọdún 2011 ni IANA pín èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Àìtó yìí ló fa púpọ̀ nínú ohun tí ẹ máa kà nísàlẹ̀ yìí.

Ibi tí ẹ ti máa rí i

Lórí fóònù Android, ẹ lọ sí "Settings", ẹ wọ "Wi-Fi", kí ẹ tẹ orúkọ Wáífáì tí ẹ wà lórí rẹ̀. Lórí iPhone, ọ̀nà kan náà ni, àmì "i" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà ni kí ẹ tẹ̀. Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter. Nínú ojú dúdú tó bá ṣí, ẹ kọ ipconfig, kí ẹ tún tẹ Enter. Ìlà méjì ni kí ẹ wá níbẹ̀: "IPv4 Address", èyí tí í ṣe ti kọ̀ǹpútà yín, àti "Default Gateway", èyí tí í ṣe ti ráútà. Bí ẹ bá rí ìpín mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ má dààmú. Èyí tí "Default Gateway" rẹ̀ kò ṣófo ni tiyín.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ní ojú kékeré máa ń fi tirẹ̀ hàn lábẹ́ "Network". Èyí tí kò ní ojú á tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà bí ẹ bá ní kó tẹ ìwé ètò rẹ̀ jáde. Bọ́tìnnì tí ẹ máa tẹ̀ wà nínú ìwé tó bá a wá nínú páálí.

Ẹ kọ ti ráútà àti ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sórí bébà kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Mo mọ̀ pé kò jọ nǹkan bàbàrà, àmọ́ ní ọjọ́ tí ìdánwò JAMB bá kù sí dẹ̀dẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́, bébà yẹn ló máa yọ yín.

Bí a ṣe ń kà á

Bó bá fi 192.168 bẹ̀rẹ̀, àdírẹ́sì inú ilé ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó fi 10 bẹ̀rẹ̀, àti èyí tó wà láàárín 172.16 sí 172.31. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún lílò nínú ilé, ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù. Ẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù ní Ìkòròdú lè máa lo 192.168.0.105 lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ìjà, torí kì í jáde síta. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ní irú nọ́mbà yìí, òun àti ráútà ti gbọ́ ara wọn yé.

Bó bá fi 169.254 bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má ra dátà, ẹ má pe ilé-iṣẹ́ kankan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀rọ yín béèrè àdírẹ́sì, kò sí ẹni tó dá a lóhùn, ló bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì dé íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Àárín ẹ̀rọ yín àti ráútà ni. Ẹ wo wáyà bóyá ó ti yọ díẹ̀ níbi tó wọlé, ẹ wo ráútà bóyá ó tàn dáadáa. Bí méjèèjì bá dára, ó ṣeé ṣe kí àdírẹ́sì tó wà lọ́wọ́ ráútà láti pín ti tán. Mo máa dé orí ìyẹn.

127.0.0.1 ni ẹ̀rọ fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì rí nọ́mbà gígùn tó ní lẹ́tà nínú, bíi èyí tó fi fe80 bẹ̀rẹ̀, IPv6 ni, ìran tuntun tí wọ́n ṣe nítorí àìtó tí mo sọ lókè. Ó gùn ní ìlọ́po mẹ́rin ti àtijọ́, iye rẹ̀ kò sì ní tán lọ́jọ́ iwájú tí a lè rí. Fe80 jẹ́ ti inú ilé nìkan. Èyí tó fi 2 bẹ̀rẹ̀ ni ó ń jáde síta. Fún iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹ lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti inú, ti ìta

Bí gbogbo ẹ̀rọ inú ṣọ́ọ̀bù bá ní àdírẹ́sì tí kì í jáde, báwo ni wọ́n ṣe ń dé Google? Ráútà ló ń ṣe é. Ẹ fi wé ojúlé kan tó ní ayálégbé mẹ́wàá: ará ìta mọ nọ́mbà ojúlé nìkan, ẹni tó wà lẹ́nu géètì ló mọ yàrá ẹni tó ni lẹ́tà. Ráútà máa ń fi àdírẹ́sì ìta kan ṣoṣo rọ́pò ti gbogbo yín, á kọ ẹni tó béèrè nǹkan sílẹ̀, bí èsì bá dé, á fún ẹni tó ni ín. NAT ni orúkọ iṣẹ́ yìí.

Láti mọ ti ìta, ẹ kọ "what is my IP" sínú Google. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àdírẹ́sì ráútà (ìyẹn "Default Gateway") sí ibi tí ẹ máa ń kọ orúkọ wẹ́ẹ̀bù sí, ẹ wọlé, kí ẹ wá "WAN" tàbí "Internet" lójú ewé tó bá ṣí. Ẹ fi nọ́mbà méjèèjì wé ara wọn.

Bí wọ́n bá bára mu, ẹ ní àdírẹ́sì ìta tiyín. Bí ti WAN bá fi 10 bẹ̀rẹ̀, tàbí tó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, a jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín pẹ̀lú ń ṣe NAT tirẹ̀, tí ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn jọ ń pín àdírẹ́sì ìta kan. CGNAT ni wọ́n ń pè é, àìtó IPv4 ló sì bí i. Ráútà tó ń lo síìmù sábà máa ń bọ́ sínú èyí.

Ìdí tí mo fi ń pẹ́ lórí rẹ̀ ni ti kámẹ́rà. Ẹni tó wá gbé kámẹ́rà sí ṣọ́ọ̀bù lè sọ pé òun máa "ṣí pọ́ọ̀tù" nínú ráútà, ìyẹn ìlẹ̀kùn tí ẹni tó wà níta lè gbà wọlé, kí ẹ lè máa wo ṣọ́ọ̀bù láti ilé. Lẹ́yìn CGNAT, asán ni. Bó ti wù kó ṣí i tó nínú ráútà yín, ìlẹ̀kùn tó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà ní títì. Ẹ má sanwó fún un. Ẹ ní kó lo áàpù ilé-iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà náà, èyí tí wọ́n ń fi fóònù ya àmì onígun mẹ́rin ara àpótí rẹ̀. Nínú ètò yẹn, àpótí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló ń pè síta, kò sì sí ẹni tó ń dènà ẹni tó ń jáde. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ san owó fún àdírẹ́sì ìta tí kì í yí padà, bí ilé-iṣẹ́ yín bá ń tà á.

CGNAT tún máa ń wà lára ohun tó ń mú kí Google ní kí ẹ fi hàn pé ẹ kì í ṣe róbọ́ọ̀tì, kí ẹ máa yan àwòrán iná ojú títì àti afárá. Lójú tiwọn, ẹnì kan ló ń béèrè gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó sọnù lẹ́yìn tí iná dé

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Inú ráútà ni iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ DHCP. Òun ló ń pín àdírẹ́sì fún ẹni tó bá wọlé, yíyá ni ó sì ń yá a fún un, fún wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ kan. Bí iná bá lọ, ọ̀pọ̀ ráútà olówó pọ́ọ́kú máa ń gbàgbé ẹni tó yá ní kí. Iná dé, gbogbo ẹ̀rọ tún béèrè, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló kọ́kọ́ gbà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń jẹ́ 192.168.0.101 láàárọ̀ ti di 192.168.0.104. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ti kọ 101 sílẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti so wọ́n pọ̀, ibẹ̀ náà ló ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Windows á kọ "Offline", ẹ̀yin á rò pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ó kó kúrò níbi tí ẹ fi í sí ni.

Bí ẹ ṣe máa tún un ṣe, kó má tún ṣẹlẹ̀ mọ́:

1. Ẹ wá àdírẹ́sì MAC ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ìyẹn nọ́mbà ìdánimọ̀ tí wọ́n fún un láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Nọ́mbà àti lẹ́tà méjìlá ni, ó sábà máa ń wà lórí ìwé ètò tó tẹ̀ jáde tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Èyí kì í yí padà bí iná bá lọ. Ẹ kíyè sí i pé ti Wáífáì yàtọ̀ sí ti wáyà. Èyí tí ẹ ń lò ni kí ẹ mú.

2. Ẹ wọ inú ráútà, ẹ wá "DHCP", lẹ́yìn náà "Address Reservation" tàbí "Static Lease". Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ráútà dé ráútà.

3. Ẹ kọ MAC náà síbẹ̀, kí ẹ yan àdírẹ́sì kan fún un, bíi 192.168.0.150. Ẹ fi pamọ́, ẹ tún ráútà tàn, lẹ́yìn náà ẹ tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàn. Láti ìsinsìnyí lọ, ráútà kò ní fún ẹlòmíràn ní nọ́mbà yẹn.

4. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí "Printer properties", ẹ lọ sí "Ports", kí ẹ fi 192.168.0.150 síbẹ̀. Ẹ tẹ ewé kan jáde wò.

Àwọn kan fẹ́ràn láti kọ àdírẹ́sì náà sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀ dípò inú ráútà. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bí nọ́mbà tí wọ́n kọ bá bọ́ sí àárín àwọn tí DHCP ń pín, lọ́jọ́ kan ráútà á fún fóònù oníbàárà ní nọ́mbà kan náà, ẹ̀rọ méjì á wá máa jà sí i. Inú ráútà ló dára jù.

Ẹ má gbìyànjú èyí fún fóònù o, àyàfi tí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Láti Android 10 àti iOS 14 ni fóònù ti máa ń fi MAC tí kì í ṣe tirẹ̀ gan-an hàn fún Wáífáì, kí wọ́n má bàa lè tọpa ẹni tó ni ín.

Nígbà tí Wáífáì kò gba ẹlòmíràn mọ́

Ẹ rántí 169.254? Ní ṣọ́ọ̀bù tí èrò ń wọlé tí wọ́n ń jáde, bíi àyíká Benson, ráútà lè ní 100 àdírẹ́sì láti pín, kó sì máa yá ẹni kọ̀ọ̀kan fún wákàtí mẹ́rìnlélógún. Oníbàárà tó jókòó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó sì bọ́ sínú dánfó ṣì di nọ́mbà mú títí di ọ̀la. Tó bá di ọ̀sán, nọ́mbà ti tán. Ẹni tó bá dé á máa rí "Obtaining IP address" lójú fóònù rẹ̀ láìsí òpin. Ẹ wọ inú DHCP, kí ẹ dín àkókò yíyá, "Lease time", kù sí wákàtí kan. Ó tán.

Ohun míràn tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ráútà kejì. Ẹ ra òmíràn kí Wáífáì lè dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi wáyà so wọ́n pọ̀ láti ihò LAN sí ihò LAN, méjèèjì wá ń pín àdírẹ́sì. Àwọn kan ń rí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan kò rí i, kò sì sí ẹni tó mọ ìdí. Ẹ pa DHCP ti èkejì, kí ẹ sì fún un ní àdírẹ́sì tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Ìbéèrè mẹ́rin kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni

Ping ni àṣẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń béèrè bóyá ẹ̀rọ míràn ń gbọ́ òun. Nínú ojú dúdú Windows yẹn, ẹ kọ ping, ẹ fi àyè sílẹ̀, kí ẹ kọ àdírẹ́sì. Ẹ ṣe é ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ping 127.0.0.1. Bí kò bá dáhùn, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ní ìṣòro; èyí ṣọ̀wọ́n. Ẹ ṣe ti ráútà, bíi ping 192.168.0.1. Bí kò bá dáhùn, inú ṣọ́ọ̀bù ni ẹ̀ṣẹ̀ wà. Ẹ wá ṣe ping 8.8.8.8, tí í ṣe ti Google. Bí ráútà bá dáhùn tí èyí kò sì dáhùn, ìgbà yìí gan-an ni kí ẹ wo bóyá dátà ti tán, tàbí kí ẹ pe ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì. Ẹ ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́, wọn kò lè ní kí ẹ lọ tún ráútà tàn.

Ìkẹrin ni ping google.com. Bí 8.8.8.8 bá dáhùn tí orúkọ kò sì dáhùn, íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń sọ orúkọ di nọ́mbà, DNS, ni kò sí nídìí iṣẹ́. Ẹ wọ inú ráútà, kí ẹ fi 8.8.8.8 tàbí 1.1.1.1 sí ibi tí wọ́n kọ DNS sí. Mo ti rí ẹni tó ra síìmù tuntun nítorí ohun tí kò ju èyí lọ.

Ẹni tó ní òun mọ ilé yín

Gbájú-ẹ̀ máa ń ránṣẹ́ sí ènìyàn pé, "Mo ti ní àdírẹ́sì IP rẹ, mo mọ ibi tí o ń gbé." Irọ́ ni. Ohun tí nọ́mbà náà lè fi hàn án ni orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín, àti ìlú kan tí kì í sábà bára mu. Ẹni tó wà ní Agric lè rí i pé wọ́n kọ Ìkẹjà tàbí ìlú míràn pátápátá fún òun. Ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló lè mọ ẹni tó lo àdírẹ́sì kan ní àkókò kan, àwọn agbófinró sì lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ibẹ̀ ló ti kan ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Bí oníbàárà bá fi Wáífáì yín lu jìbìtì, ojúlé yín ni àdírẹ́sì ìta náà máa tọ́ka sí. Nítorí náà, ẹ ṣí "Guest Network" nínú ráútà fún àwọn oníbàárà, kí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti POS wà lórí Wáífáì tiyín. Ẹ pààrọ̀ páásìwọọ̀dù tó wà lára ráútà láti ilé-iṣẹ́, torí "admin" ni ti ọ̀pọ̀ wọn. Ti àwọn oníbàárà náà, ẹ máa yí i padà ní gbogbo ọjọ́ Ajé.